WhatsApp, Telegram tàbí Moodle: èwo ló yẹ ẹgbẹ́ ìkàwé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún kan tó wà ní posting (ìkọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù) ní Iléṣà sọ ìbéèrè kan sínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí ojú rẹ̀ pọ́n (jaundice), kí la máa kọ́kọ́ ṣe?" Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rin ti gorí ìbéèrè yẹn. Ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì kan ni, gbogbo ayé ń kí i. Ẹnìkan ń wá kóòtù funfun rẹ̀ tó gbàgbé sí wọ́ọ̀dù. Ẹlòmíràn gbàdúrà ọ̀sẹ̀ tuntun, "Àmín" sì rọ̀ bí òjò. Ìdáhùn kan péré ló wọlé, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ti wà ní ọdún kẹfà: "Phototherapy." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló kọ, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi iná ìtọ́jú tan ọmọ náà lára. Kò sẹ́ni tó tún dá sí i mọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi fóònù rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, gúrúùpù tó ní ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún." Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn àbúrò mi nínú iṣẹ́ ìṣègùn tún ẹ̀kọ́ wọn gbé yẹ̀ wò, láti ìgbà témi náà ti ń ka Anatomy ní Ifẹ̀, mo sì ti lo gbogbo àwọn áàpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn yìí. Mo ti bá òmíràn jà, mo ti yọ òmíràn kúrò lórí fóònù mi, mo tún ti padà gbé e wá. Ìfiwéra tí ẹ máa kà níbí, ti ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dátà ni.

Kí nìdí tí a ò fi kúkú jókòó sójú kan? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa bi akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wa kò sí lójú kan. Apá kan wà ní Ifẹ̀, Wesley Guild wà ní Iléṣà, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Bí àwọn kan bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ifẹ̀, àwọn kan á máa tọ́jú ọmọdé ní Iléṣà. Ẹni mẹ́jọ tó ń kàwé pọ̀ láti ọdún kejì lè má fojú kan ara wọn fún oṣù méjì. Ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́, ẹ ò lè máa ná an sórí mọ́tò Iléṣà ní alaalẹ́ nítorí ìbéèrè kan.

Ohun tí mo máa ń wò kí n tó wo áàpù

Àwọn tó máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ènìyàn tí áàpù lè gbà. WhatsApp gba 1,024 nínú gúrúùpù kan, Telegram gba 200,000. Kí la fẹ́ fi 200,000 ṣe? A ò ṣe ìpolongo ìbò. Ìjíròrò tí ènìyàn ti lè kọ́ ìṣègùn kò yẹ kó ju ẹni mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn McMaster ní Kánádà gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé ní 1969, ọ̀nà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nìyẹn: ẹ kó ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ẹ gbé ọ̀ràn aláìsàn kan síwájú wọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọn ò mọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lọ kàwé, kí wọ́n padà wá. Ìlọ àti àbọ̀ yẹn ni ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n ṣe ju ìjókòó ojúkojú lọ. Ẹ lè béèrè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kí ẹ sì gba ìdáhùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìwé kíkà wà láàárín.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi kò pọ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ṣé ìdáhùn rẹ̀ á hàn sáwọn yòókù kí wọ́n tó ronú? Bí oṣù kan bá kọjá, ṣé mo lè wá ohun tí a sọ kí n sì rí i? Èló ló máa ná ẹni tí dátà rẹ̀ kéré jù lọ nínú wa?

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo mú lọ́kùn-únkúndùn jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọsílẹ̀ kan láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, kí àwọn kan dé ìwé kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó dé ìwé ló ṣáájú. Ẹni tó bá ka ìdáhùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kà á fún. Ìdánwò sì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ wá fi àṣà wa kún un. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ó dára nínú ilé. Nínú ẹgbẹ́ ìkàwé, ó máa ń pa ìjíròrò lára. Ẹni tó wà ní ọdún kẹrin mọ ohun kan tí ẹ̀gbọ́n ọdún kẹfà gbàgbé, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀. Bí Prof bá ṣèèṣì wà nínú gúrúùpù, ẹ gbàgbé ìjíròrò. "Ẹ ṣé gan-an ni, sà" nìkan ni ẹ máa rí. Nítorí náà, áàpù tó bá lè bo ìdáhùn ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀ títí àbúrò fi máa kọ tirẹ̀, èmi á fara mọ́ ọn, bí kò bá tilẹ̀ lẹ́wà.

WhatsApp àti Telegram, lójúkojú

WhatsApp ní ohun kan tí kò sí áàpù tó lè bá a dù: gbogbo ènìyàn ti wà níbẹ̀. Ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó lọ gbé ohun tuntun wá. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù máa ń ta dátà kékeré tó jẹ́ pé WhatsApp àti irú rẹ̀ nìkan ló ń lò ó, ẹni tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù sì lè máa rí yín. Bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì ń ta kété-kété, àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré á ṣì wọlé. Fún ẹgbẹ́ tó ní àwọn ọmọ tí apá òbí wọn kò ká a, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀ fún àwọn kan, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Ibi tó ti ń ṣe mí ní ọgbẹ́ ni pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ohun gbogbo ń gba ibẹ̀ kọjá: ìbéèrè, ọjọ́ ìbí, ìròyìn pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú. Ẹ lè so àtẹ̀jíṣẹ́ kan mọ́ òkè fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Fóònù tún máa ń kún. Ẹ lọ sí ètò rẹ̀ kí ẹ pa gbígbà fọ́tò àti fídíò láìbéèrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fọ́tò slide tí ẹnìkan yà láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, á jẹ ibi tí ìwé yín ì bá wà. Nọ́ńbà fóònù gbogbo yín á sì hàn sí gbogbo yín. Kì í ṣe gbogbo àwọn ọmọbìnrin kíláàsì ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi wọ́n.

Telegram yàtọ̀. Ìwé tí ẹ gbé síbẹ̀ ń gbé lórí ẹ̀rọ Telegram fúnra rẹ̀, fóònù yín ò ní kún. Ẹ lè pín gúrúùpù sí yàrá-yàrá, kí ọmọdé wà lọ́tọ̀, kí iṣẹ́ abẹ wà lọ́tọ̀. Ẹ lè wá ọ̀rọ̀ kan tí a sọ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kí ẹ sì rí i. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé lè ka gbogbo ohun tó ti kọjá, bí ádímìn bá fún un láyè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ló ti ní quiz tirẹ̀: ẹ ó kọ ìbéèrè, ẹ ó fi ìdáhùn tó tọ̀nà pamọ́, ẹ ó sì kọ àlàyé tí kò ní hàn àfi bí ènìyàn bá ti mú ìdáhùn tirẹ̀. Ó lè jẹ́ láìdárúkọ, kí ẹni tó bá ṣì í má bàa tijú. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹ lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ẹ kọ ìdáhùn yín, ẹ yàn án, ẹ sọ ọ́ di "spoiler", á di èérú lójú àwọn yòókù títí wọ́n á fi fọwọ́ kàn án. Ó sún mọ́ ohun tí mo ń wá, àmọ́ ìka máa ń yára ju ọpọlọ lọ.

Kí ló wá burú nínú Telegram? Ó máa ń sọ wá di olùkó-ìwé-jọ. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún nínú Telegram rẹ̀. Mo ní kó ya brachial plexus (àwọn nerve tó ti ọrùn lọ sí apá) fún mi láti C5 dé T1, ó ní ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa wà níbẹ̀. Kò dá a mọ̀ pé òun ò tíì ṣí i. Ìkejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí Telegram lójoojúmọ́; ẹ ó béèrè lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á rí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìkẹta ń bọ̀ níwájú, lábẹ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn.

Moodle, ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ le

Martin Dougiamas ní Ọsirélíà ló gbé Moodle, gbàgede ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní 2002, ọ̀fẹ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ sì lè gbé e sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò jọ ohun tí ọmọ ìwòyí fẹ́ràn. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹ ó wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà náà lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní irú gbàgede ìjíròrò kan tí mo fi ń dárí jì í: ti ìbéèrè-àti-ìdáhùn. Olùkọ́ á gbé ìbéèrè sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò ní rí ohun tí àwọn yòókù kọ àfi bí òun náà bá ti kọ tirẹ̀. Kódà bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ṣì máa dúró kí àkókò àtúnṣe yín tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni bí ẹni tó ń bójú tó Moodle náà ò bá yí i padà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi "mo ti dé" wọlé kó wá máa wo tẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n kọ, àbúrò kọ, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí ìwé ẹnìkejì. Nígbà tí aṣọ bá ká, gbogbo èrò ti wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní òun já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Áàpù rẹ̀ tún gbà kí ẹ kọ ìdáhùn níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí. Bí ẹ bá dé ibi tó wà, á fi í ránṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ò lè dá a sílẹ̀ nírọ̀rùn. Ó fẹ́ ẹ̀rọ, ó fẹ́ ẹni tó máa bójú tó o, ó fẹ́ olùkọ́ tó máa yọjú. Bí olùkọ́ bá gbé ìbéèrè kalẹ̀ tó sì pa á tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n tún máa ń kà á sí ìdánwò: wọ́n á da odindi ojú-ìwé láti inú ìwé ńlá síbẹ̀, tàbí kí ChatGPT bá wọn kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á dán gbinrin, kò ní sí ọpọlọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo ní oògùn kan fún ìyẹn, mo máa fi hàn yín nísàlẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ràn kó rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ohun tí mò ń wò | WhatsApp | Telegram | Moodle |
|---|---|---|---|
| Ṣé a lè bo ìdáhùn àwọn yòókù? | Rárá, àfi kí a dá ọgbọ́n sí i | Díẹ̀: quiz àti spoiler | Bẹ́ẹ̀ ni, ó le gan-an |
| Wíwá ohun tí a sọ lóṣù tó kọjá | Ó nira | Ó rọrùn | Ó rọrùn |
| Dátà | Ó kéré jù | Ó kéré bí ẹ ò bá gba ìwé ńlá | Kò pọ̀, ẹ sì lè kọ̀wé láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì |
| Ta ló lè dá a sílẹ̀ lálẹ́ òní? | Ẹnikẹ́ni | Ẹnikẹ́ni | Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀ka |
| Nọ́ńbà fóònù | Ó hàn | Ẹ lè fi pamọ́ | Kò hàn |

Mo mẹ́nu ba ọgbọ́n nínú àtẹ yẹn. Google Form ni. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ ju líǹkì rẹ̀ sínú WhatsApp, kí oníkálukú dáhùn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rí ti ẹnìkejì bí ẹni tó ṣe é bá pa àyè àti máa wo àkójọ ìdáhùn. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ẹ dá, olùdarí á kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú gúrúùpù pọ̀. Moodle tálákà ni mo máa ń pè é. Ó ti bá mi ṣiṣẹ́ ju Moodle olówó lọ, nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣí i.

Zoom àti Google Meet ńkọ́? Zoom ọ̀fẹ́ ń parí ní ogójì ìṣẹ́jú, Meet ọ̀fẹ́ ń parí ní wákàtí kan bí ẹ bá ti ju méjì lọ. Fídíò ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ tó wọ oko ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á pa kámẹ́rà wọn, wọ́n á máa se indomie. Ẹ fi í pamọ́ fún ohun tó nílò ojú: ẹni tó fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣàyẹ̀wò iṣan ojú hàn, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ ka ECG (àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù) pẹ̀lú yín. Fún ìyókù, ẹ kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ aláìsàn

Ibí yìí ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú gúrúùpù tí mo wà ya fọ́tò ọgbẹ́ ẹsẹ̀ kan kí a lè jíròrò rẹ̀. Ojú aláìsàn ò sí níbẹ̀, ó rò pé ó ti tó. Àmọ́ fáìlì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, orúkọ rẹ̀ hàn kedere. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀gbọ́n aláìsàn náà tó ń gbé ìlú mìíràn ti rí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn. Mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Èmi ni ádímìn, mo rí fọ́tò náà nígbà tó wọlé, mo sì kọ "Good case" sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, ṣebí WhatsApp ń dí ọ̀rọ̀ pa láti òpin dé òpin láti 2016. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò sí nínú gúrúùpù kò lè kà á lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló gbé fọ́tò yẹn jáde? Ẹni tó wà nínú gúrúùpù ni. Ti Telegram tilẹ̀ tún yàtọ̀: gúrúùpù rẹ̀ kò ní irú ìdípa yẹn rárá, ìjíròrò ìkọ̀kọ̀ ẹni méjì nìkan ló ní in. Moodle ilé-ẹ̀kọ́ ló sàn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé a mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó yẹ kó dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Síbẹ̀, ìlànà mi kò yí padà nítorí áàpù: kò sí fọ́tò aláìsàn láìsí ìyọ̀ǹda tirẹ̀ lórí ìwé àti ti ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ka ọ̀rọ̀ aláìsàn sí àṣírí, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ohun ẹlẹgẹ́ tó nílò ìṣọ́ pàtàkì.

Yíyọ orúkọ nìkan kò tó níbi tí a wà yìí. Bí ẹ bá kọ "olóyè kan, ẹni àádọ́rin ọdún, láti Ìmẹ̀sí-Ilé", ẹ ti dárúkọ rẹ̀ tán. Ó ku kí ẹ pe ilé rẹ̀. Ẹ yọ ìlú, ẹ yọ oyè, ẹ yọ ọjọ́ tó wọ wọ́ọ̀dù, ẹ yí ọjọ́ orí díẹ̀ níbi tí kò bá ti kan àìsàn. Mo dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú ìdí. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ní àwọn ọdún 1950, ti dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, tó sì ti lo káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tí ayé wá mọ̀. Ìyá ọmọ ló fi káàdì náà lé lọ́wọ́, inú ilé ìyá ló ń gbé. Ó mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá ní kí n yàn fún yín

Ọdún kejì àti ìkẹta, tí ẹ̀ ń ka Anatomy, Physiology àti Biochemistry: Telegram, pẹ̀lú quiz mẹ́wàá lójúmọ́, kí ẹ máa yí ẹni tó ń kọ ọ́ po. Ẹni tó ń kọ ìbéèrè ló ń kọ́ jù. Àwòrán ọwọ́ ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ gé láti inú ìwé. Ẹni tó bá ya brachial plexus ní ìgbà mẹ́rin lórí ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ kò ní gbàgbé pé C5 àti C6 ló ń bàjẹ́ nínú àìsàn Erb tó ń mú kí apá rọ.

Ọdún kẹrin sí ìkẹfà, tí aláìsàn ti wọ ọ̀rọ̀: ẹgbẹ́ ẹni mẹ́jọ lórí WhatsApp, lọ́tọ̀ sí ti kíláàsì, pẹ̀lú Google Form. Bí ẹ̀ka yín bá ní Moodle tí olùkọ́ kan sì ń yọjú síbẹ̀ ní tòótọ́, ẹ fi Google Form sílẹ̀ kí ẹ lo tiwọn. Gúrúùpù kíláàsì kí ó máa jẹ́ ti ìkéde àti ọjọ́ ìbí. Kò sóhun tó burú nínú ọjọ́ ìbí.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó ní gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ti gbìyànjú rẹ̀.

Ọmọ ojú pípọ́n yẹn

A gbé ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ Iléṣà yẹn padà wá ní ọjọ́ Àìkú, nínú Google Form ẹgbẹ́ ẹni mẹ́jọ wa, a ti yọ ohun gbogbo tó lè tọ́ka sí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin, ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n kó tó pé ọjọ́ kan láyé. Ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ O, ti ọmọ jẹ́ B. Ìyá àgbà ti ń gbé e sí oòrùn àárọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi wé e jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti wà nínú àpótí fún ọdún méjì pẹ̀lú káfúrà, bọ́ọ̀lù funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta: kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù nínú ìtàn yìí, kí sì nìdí? Àyẹ̀wò wo lo máa kọ́kọ́ béèrè? Kí lo máa sọ fún ìyá ọmọ, ní èdè Yorùbá, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan?

Ìkẹta yẹn ni oògùn tí mo ṣèlérí. Ẹni tó daakọ ìdáhùn àkọ́kọ́ máa ń dé ibẹ̀ kó wá dúró gbọnyin.

Nígbà tí a ṣí i ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni mẹ́jọ ti kọ. Ẹni mẹ́fà rí i pé ojú tó pọ́n láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹni márùn-ún rí i pé ẹ̀jẹ̀ O ìyá lè máa bá ẹ̀jẹ̀ B ọmọ jà. Ẹni méjì péré ló dúró lórí káfúrà, tí wọ́n sì bèèrè fún àyẹ̀wò G6PD, èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin ni àti pé káfúrà lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ìyẹn bá kéré lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wà ní ọdún kẹrin, òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́.

Lórí ìbéèrè kẹta, ẹnìkan kọ pé, "Ìyá, bilirubin ọmọ yín ti lọ sókè gan-an." A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ ọdún kẹrin yẹn kọ báyìí: "Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ń fọ́ kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó ń jáde látinú rẹ̀ ló ń mú ojú rẹ̀ pọ́n. Bó bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ, kò sì ní ṣeé mú jáde mọ́. Iná aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí ló máa bá wa sọ ọ́ di ohun tí á lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Oòrùn àárọ̀ kò lágbára tó o, ẹ bá mi sọ fún màmá. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ tó ní káfúrà wé e mọ́, ẹ bá wa wá òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n ọdún kẹfà, ẹni tó kọ "Phototherapy" ní alẹ́ ọjọ́sí, wà nínú àwọn mẹ́jọ náà. Kò kọ nǹkan kan nípa káfúrà. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún kẹrin ló fà yọ: "Àbúrò, mi ò rántí G6PD o. Ojú ìwé wo lo ti rí i?"